Trailer Iwájú Ilé Mọ́mì Dóyin

Dàpọ̀ tètè dé. Aago méjì ni wọ́n ní kó wá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò balẹ̀ láti dúró sílé ní Taradale, nígbà tí yóò sì fi wo iwájú, ó ti dé Cranston, àdúgbò Mọ́mì Dóyin. Dóyin tó fẹ́ fẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Bàbá Dóyin ti kú, nítorí náà ẹ̀gbọ́n Mọ́mì rẹ̀, Alàgbà Ládélé, ló wá láti Ìbàdàn kó wá wo ojú ẹni tó ń tọrọ ọmọ wọn.

Dàpọ̀ ò rí ọkùnrin náà rí. Ohun tó gbọ́ ni pé ó ti lé ẹnì kan tó wá tọrọ ọmọ nínú ẹbí yìí padà sílé rí, nítorí pé onítọ̀hún dúró, ó ń wòran, nígbà tí àgbàlagbà ń gbé àga. Dóyin tún sọ pé láti ìgbà tí Alàgbà ti dé ló ti ń lérí pé òun máa fọ trailer tó wà níwájú ilé kí òun tó padà.

Trailer ti ìlú òyìnbó níbí kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì. Ilé kékeré alátáyà ni, tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, kí wọ́n lè fi owó ara wọn lọ sùn nínú igbó. Bàbá Dóyin ló rà á. Snow àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ti sọ funfun rẹ̀ di àwọ̀ eérú.

Ìdí nìyẹn tí Dàpọ̀ fi sáré bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò nígbà tó rí bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ trailer náà. Bùbá funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló wọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè. Ó di búrọ́ọ̀ṣì mú. Dàpọ̀ dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Dàpọ̀ ni mí."

"Dàpọ̀! Dìde, dìde! Èmi gan-an ló yẹ kí n..." Bàbá náà gbé ìyókù ọ̀rọ̀ mì. "Mọ́mì yín ti sọ̀rọ̀ rẹ fún mi."

Mọ́mì yín! Inú Dàpọ̀ dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni yọjú láti fèrèsé.

"Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é, sà. Pressure washer wà nínú boot mi. Five minutes, a ti parí."

Bàbá náà na ọwọ́ méjèèjì bo ara trailer. "Ha! Rárá o! Ìyẹn á bó sítíkà, á ṣí rọ́bà tó yí fèrèsé ká, omi á wá wọ inú ilé. Mo ti wo YouTube lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ojú fi ń ta mí. Omi hose jẹ́jẹ́, ọṣẹ mọ́tò díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí omi?"

Dàpọ̀ mọ̀ ọ́n. Kò yà á lẹ́nu pé àlejò ò mọ̀ ọ́n. Bàbá náà sọdá títì, ó lọ gbé báàkẹ́ẹ̀tì àti ọṣẹ nínú mọ́tò kan tó wà lódìkejì, ó padà wá, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa. Wọ́n da omi sí i láti òkè wá sísàlẹ̀, wọn ò kọjú hose sí ihò tí fríìjì fi ń mí. Dàpọ̀ fẹ́ gun orí rẹ̀, bàbá náà fà á láṣọ, ó sì so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ igi gígùn fún un. Apá kan ni wọ́n ń fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ṣan án kí ọṣẹ tó gbẹ mọ́ ọn. Fèrèsé tí kì í ṣe gíláàsì gidi, aṣọ rírọ̀ ni wọ́n fi nù ún.

"Rọra o," bàbá náà ń sọ. "Nǹkan olóògbé ni. Tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ojú tí mo máa fi wo Mọ́mì yín."

"Kò ní bàjẹ́, sà."

"Ṣé aago méjì ti lù?"

"Ó kù díẹ̀, sà."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ òní le."

"Kò le rárá, sà," ni Dàpọ̀ wí, nítorí pé lójú tirẹ̀ gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sí i. Ó ti bá àna rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó ti bá a rẹ́rìn-ín, aṣọ rẹ̀ ti tutù dé àyà. Kí ló tún kù?

Ilẹ̀kùn ṣí. Mọ́mì Dóyin jáde, ọkùnrin gíga kan tó ń yán tẹ̀ lé e. Nígbà tí Mọ́mì rí trailer tó ń tàn nínú oòrùn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omi bọ́ lójú rẹ̀. Dàpọ̀ fara ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró kí bàbá gbóríyìn fún òun níwájú wọn.

Ṣùgbọ́n bàbá náà ti nà gbalaja sínú omi ọṣẹ pẹ̀lú bùbá funfun rẹ̀ níwájú ọkùnrin gíga náà, ó ní, "Ẹ káàsán, Alàgbà Ládélé, Akínbọ̀dé ni mí, àbúrò yín ni mo wá tọrọ," ó wá yí ojú sí Dàpọ̀ tó ṣì dúró gbagidi lórí rẹ̀, ó rọra ní, "Ọmọ mi, kí lò ń wò?"