Agboolé Méjì

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ adájọ́ ìlú Ìwó ka ẹ̀bi jáde. Adéṣínà ló kàn. Ọkọ̀ rẹ̀ lè wa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ìdarí lọ́wọ́ ọkọ̀ náà, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà á ní eré àsápajúdé, ó sì fi gbá Ìfẹ́dolápọ̀ pa.

Ẹ̀rọ náà ní, “Ta ni yóò gbà á sílé fún ọdún méje? Agboolé méjì ni òfin ń fẹ́. Bí kò bá sí, erékùṣù àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni.”

Kò sẹ́ni tó ti erékùṣù bọ̀ rí. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde, àfi Màmá Morádékẹ́, ìyá ìjọ, ìyá ẹni tó kú.

“Èmi yóò gbà á.”

Ẹ̀rọ náà bi í pé, “Ṣé ẹ mọ̀ pé òun ló pa ọmọ yín?”

“Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti sin ín, bí mo bá ń gba àdúrà Olúwa, tí mo bá dé ‘bí a ti ń dárí jì,’ ohùn mi a há. Mo fẹ́ gbà á parí.”

Alhaji Súfíánù, aládùúgbò rẹ̀, dìde lẹ́yìn. “Ìyá Ìfẹ́, ẹ kò ní dá a gbé. Kí wọ́n kọ orúkọ tèmi náà.”

Gbogbo ilé ẹjọ́ dìde láìsí ẹni tó ní kí wọ́n dìde. Akọ̀wé ṣí fìlà. Adéṣínà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Màmá fà á lọ́wọ́. “Dìde, ọmọ mi. Jẹ́ ká máa lọ sílé.”