Ọjọ́rú Ààwẹ̀ Nílé Ìwòsàn

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ààwẹ̀ tí Aṣáájú, olórí ìjọba wa, pa láṣẹ fún gbogbo ìlú. Èmi àti ìyá mi ti wà lórí ìlà ilé ìwòsàn láti aago mẹ́fà àárọ̀. Nígbà tó kàn wá, Tinúọlá, ọmọ Ẹgbẹ́ Ọwọ́ Mímọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, gbé ẹ̀rọ tó ń dá ẹni tó ti jẹun mọ̀ sún mọ́ ẹnu ìyá mi. Iná pupa tàn.

"Màmá, ẹ ti fẹnu kan nǹkan."

"Ara mi kò gba ebi, ọmọ mi. Ìtọ̀ ṣúgà ni. Oògùn mi sì ti tán láti ọjọ́ Àìkú."

"Ẹni tí kò bá Aṣáájú gbààwẹ̀, ó ń gbè sẹ́yìn olè. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo sọ fún un pé lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo bá Aṣáájú gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án ní gbàgede ìlú, títí a fi lé àwọn olè kúrò nílé ìjọba. Lọ́jọ́ kẹjọ, mo dákú.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, alága wa ń fúnni ní ìwé ìyọ̀ǹda lẹ́yìn ilé. Ẹ má kàn lọ lọ́wọ́ òfo."

Ìyá mi ti ń bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ ká lọ bá a," ló wí. "Ṣùgbọ́n àwọn olè tẹ́ ẹ lé lọ yẹn, wọn kì í wàásù fún èèyàn kí wọ́n tó gba rìbá lọ́wọ́ rẹ̀."