Ọ̀dà Àwọ̀ Ewé Nílé Sèlíátù

Ní ọdún 1956, Bàdírù wá láti Ẹ̀pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sèlíátù, ní Ìkòròdú. Ó wo ilé náà yíká, ó ní ẹfun ara ògiri ti dọ̀tí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín kun ilé yìí ní ọ̀dà. Àwọ̀ ewé, èyí tó tutù lójú.”

Sèlíátù rẹ́rìn-ín. Ẹja gbígbẹ ló tà títí tó fi kọ́ ilé náà. Kò bímọ. Bàdírù ló tọ́ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ó fẹ́yàwó fún un, nígbà tó sì fẹ́ kọ́lé, Bàdírù náà ló rán kó lọ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Búlúù ló wù mí,” ó ní.

“Búlúù máa ń tètè ṣá. Ẹ jẹ́ ká ṣe ti ewé.”

Ó gbà fún un.

Tìrìmísíyù akunlé dé. Ó po ọ̀dà ewé mọ́ funfun títí ó fi rí bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, ó sì fi díẹ̀ kun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Sèlíátù dúró wò ó pẹ́. Ó ní ó dà bíi pé atẹ́gùn ọ̀sà wọlé. Búlúù kúrò lọ́kàn rẹ̀.

“Òórùn ọ̀dà kò dára fún àyà yín,” ni Bàdírù wí. “Ẹ bá mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ títí yóò fi gbẹ.”

“Ẹrù mi ńkọ́?”

“A ó kó o dání, kí ọ̀dà má baà ta sí i.”

Ó kó gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ, títí kan odó. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté. Sèlíátù kò ráyè dágbére fún ẹnikẹ́ni. Bàdírù ní òun yóò sọ fún àwọn aládùúgbò.

Ní Ẹ̀pẹ́, Kúbúrá, ìyàwó Bàdírù, tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Tó bá béèrè ilé, Bàdírù á ní òjò ni kò jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ. Òjò ń rọ̀ lóòótọ́. Sèlíátù ra aṣọ kọ́tìnì tó bá àwọ̀ náà mu, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ọwọ́ rán an.

Nígbà tó rán an tán, Bàdírù kò sí nílé.

“Ẹ dúró de bàálé mi,” ni Kúbúrá ń bẹ̀ ẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ.”

“Ilé mi kọ́ ni mo ń lọ ni?”

Ó di kọ́tìnì rẹ̀, ó wọ mọ́tò.

Ilé náà tutù lójú láàárín àdúgbò. Inú rẹ̀ dùn. Mùnírátù, aládùúgbò rẹ̀, ń gbá ojúde. Ó gbójú sókè, ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Sèlíátù pè é. Ó yíjú sí ilé tirẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn.

Obìnrin kan tó pọn ọmọ ló ṣí ilẹ̀kùn ilé náà. Ó kúnlẹ̀ kí i.

“Ẹ káàbọ̀, mà. Ta lẹ ń wá?”

“Èmi ni mo nilé. Sèlíátù ni mí.”

Obìnrin náà dìde, ó rọra fà sẹ́yìn.

“Ìyá, ẹ má dẹ́rù bà mí,” ó ní, “lọ́jọ́ tí Bàdírù ta ilé yìí fún wa, tó ní ká mú àwọ̀ tó bá wù wá, tá a sì mú ti ewé, ẹkún ló ń sun tó fi sọ fún wa pé òun ti sin Sèlíátù sí Ẹ̀pẹ́.”