Ọkọ̀ Ẹgbẹ̀rún Ẹṣin

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Detroit.

Loretta dúró ti ọkọ̀ pupa tí Duane mẹkáníìkì fẹ́ tà, tó ti sọ agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ di ti ẹgbẹ̀rún ẹṣin.

"Ṣé ọmọ lè máa wà á lọ síbi iṣẹ́?"

"Mọ́mì, àgùntàn ni! Òun ni mo fi ń lọ ra mílíìkì."

"Táyà eré ìje yìí ńkọ́, nígbà òtútù?"

"Kó kọ́kọ́ jẹ́ kí táyà yí lójú kan kó gbóná, á lẹ̀ mọ́ títì."

"Ta ló ń ráyè ìyẹn láàárọ̀? Ṣé kò ní pa ọmọ ṣá?"

Ẹnu ọlọ́jà kì í ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Duane rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tí mo ta irú ẹ̀ fún lóṣù tó kọjá ò tíì padà wá ráhùn."

"Kò lè wá. Àná la sin ín. Ọmọ mi ni."

Darlene, akọ̀wé Duane, ló rọ́ ọ fún mi, lọ́jọ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀.