Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà ní Ṣáínà àti Ẹ̀rọ Gààrí Ìdógùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rán ọmọ lọ kọ́ èdè, àti ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ bá a dé ìsàlẹ̀.

1.
Ẹ̀gẹ́ ti wà nílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Ìdógùn ti hú u láti àná, nítorí wọ́n ní ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ gààrí tuntun tí ẹgbẹ́ wọn rà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ sì mọ ẹ̀gẹ́, kì í dúró de èèyàn. Ẹnjiníà ará Ṣáínà tó wá to ẹ̀rọ náà ń padà sí Èkó lọ́sàn-án. Ògbufọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Àkúrẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ láti àárọ̀, fóònù kankan ò lè túmọ̀ nǹkan kan.

"Kí lẹ ń dààmú sí?" Bàbá Ọlámúyìwá, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé Fúnmiọlá ò sí nílé ni? Ẹ pe Ṣáínà wá!"

2.
Lọ́dún tó ṣáájú, Fúnmiọlá àti Naimat, ọmọ oníṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, jọ lọ kọ́ èdè Ṣáínà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní yunifásítì kan lọ́hùn-ún, nígbà ìsinmi. Áà, ìgbà yẹn dùn! Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Òjò á rọ̀ láàárọ̀, omi á máa kán látorí ewé lójú ọ̀nà kíláàsì, ooru á máa rú lára búrẹ́dì funfun tí ìyá kan ń fi ooru omi sè lẹ́nu géètì. Gbólóhùn tí tíṣà kọ́kọ́ kọ́ wọn ni: "Kò yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Naimat lò ó títí ó fi gbó. Ọ̀dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì ló ń wà nírọ̀lẹ́. Á ṣì í sọ, ìyá á rẹ́rìn-ín, á tún un sọ.

"Naimat, ṣé o fẹ́ fẹ́ ọmọ ìyá yẹn ni?"

"Kí ló kàn ọ́? Ó ń fún mi léènì."

Fúnmiọlá ní tiẹ̀, fóònù ló ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Tí tíṣà bá bi í bóyá ó yé e, á tẹ orúnkún díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó padà dé, gbogbo ìlú ń pè é ní Ṣáínà. Kò sọ fún wọn pé rárá.

3.
Nígbà tí Fúnmiọlá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹnjiníà sọ̀rọ̀ títí. Ó nawọ́ sí sìmẹ́ńtì tútù tí wọ́n gbé ẹ̀rọ lé. Ó pa orí ìka mẹ́ta pọ̀, bí ẹni fẹ́ bu iyọ̀. Fúnmiọlá ń mi orí bíi pé ó yé e.

Christopher, bàbá rẹ̀, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Fúnmi, ṣé kí n rán ọ̀kadà lọ gbé ọ̀rẹ́ ẹ wá láti Ọ̀wọ̀? Kó tó dọ̀sán, wọ́n á ti dé."

"Bàámi! Naimat oníbúrẹ́dì? Ṣé a ò jọ lọ ni?" Ó yíjú sáwọn àgbẹ̀. "Ó ní ẹ lè tàn án. Ẹ̀gẹ́ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnjiníà rí àtẹ́wọ́, òun náà rẹ́rìn-ín, ó wọkọ̀.

4.
Wọn ò tíì lọ abọ́ kejì tán tí sìmẹ́ńtì fi sán. Ẹ̀rọ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin àárín rẹ̀ kán sí méjì. Ọpẹ́ ni pé kò bá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rí fọwọ́ rin rà síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Naimat wá. Fúnmiọlá nawọ́ sí sìmẹ́ńtì bí ẹnjiníà ṣe ṣe, ó sì fi ìka mẹ́ta yẹn hàn án. Naimat dijú.

"Méje nìyẹn, Fúnmi. Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ka méje nìyẹn. Kí sìmẹ́ńtì fi ọjọ́ méje gbẹ. Ìyá oníbúrẹ́dì máa ń ṣe é tí mo bá ra méje."

"Mi ò rántí ojú ìyá yẹn mọ́."

"Òun rántí ẹ. Títí a fi ń bọ̀ ló ń bi mí pé, ọ̀rẹ́ ẹ tí kì í sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni Fúnmiọlá ti bú sẹ́kún.

5.
Ìwọ tó ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́: tí nǹkan ò bá yé ọ, sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti lè tún un ṣàlàyé fún ọ. Má jẹ́ kí orúkọ tí ìlú ń pè ọ́ pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Tẹ́lòmíràn bá sì mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ, ní kí wọ́n pè é wá.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà lábẹ́ tapólì ní Ìdógùn. Irin tuntun ò tíì dé. Gbogbo Sátidé ni Fúnmiọlá ń wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá Naimat l'Ọ́wọ̀, kí Naimat lè tún èdè Ṣáínà kọ́ ọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, "Kò yé mi," ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.