Ìpè Tí Wọ́n Ń Rán Lẹ́ẹ̀mejì

Ọdún mọ́kànlá ni Baba Ìpele ti lò ní ọ́fíìsì náà kí wọ́n tó gba Kékeré síbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti fi ìṣirò to ọ̀nà tí ìpè aláìsàn máa gbà dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ áńbúláǹsì, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ẹ̀rọ tó máa gbé ìpè náà gan-an. Ìpele-ìpele ni wọ́n ń tò ó. Baba Ìpele ló ni ìpele òkè, tó ń gba ìpè fún awakọ̀. Kékeré ló ni ti ìsàlẹ̀, tó ń gbé ìpè wá. Òfin wọn ò le: má fọwọ́ kan ìpele ẹlòmíì, má sì yọjú wo inú ẹ̀.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kọ̀ǹpútà tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò fi kọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì tí Kékeré dé, ó gbà á.

"O káre, ọmọ yìí!" ni ọ̀gá wọn obìnrin ń pariwo. "Ibo lo ti wà látọjọ́ yìí?"

Baba Ìpele rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Àga olórí ẹ̀ka ṣófo, wọ́n sì máa yan ẹnì kan kóṣù tó parí. Ṣé ọmọ àná yìí ló máa wá jókòó lé òun lórí? Owú jẹ ẹ́ débi pé tó bá gbọ́ ẹ̀rín ọmọbìnrin náà, tíì ẹnu rẹ̀ á korò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ tí gbogbo ayé ń kí?"

"Háà, ẹ̀gbọ́n! Ọwọ́ èwe ò tó pẹpẹ."

"Tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo ti gbọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kékeré jáde lọ jẹun. Baba Ìpele ṣí iṣẹ́ rẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ló ti rí i: gbogbo ìpè pátá, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ yìí ń rán an! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Kò dúró ka ìyókù, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló gbà lọ.

"Ẹ̀ẹ̀mejì? Ṣé o fẹ́ dí gbogbo ọ̀nà pa ni?" ni ọ̀gá bi Kékeré. "Kí ló dé?"

Kékeré wo Baba Ìpele, ó wolẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí, mà."

Ọ̀gá pòṣé. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti gbé Kékeré lọ síbi tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Wọ́n fi Baba Ìpele jẹ olórí, wọ́n sì fi ìpele ìsàlẹ̀ kún tiẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yọ ìpè ẹlẹ́ẹ̀kejì kúrò. Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́: ìpè kan sọnù. Ó tún dán an wò. Ó tún kọ̀ ọ́.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀!" ló ké pe ọ̀gá. "Ó ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ kó tó lọ!" Ọ̀gá wá dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, Baba Ìpele sì ń ṣí ojú ìwé Kékeré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un, títí tó fi kan èyí tó gbẹ̀yìn.

"Bí ìpè méjì bá jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà," ni Kékeré kọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tó dé, "ìpele ẹ̀gbọ́n máa ń ju ọ̀kan nù, ìdí nìyí tí mo fi ń rán an lẹ́ẹ̀mejì kí aláìsàn má bàa kú, mi ò sì ní sọ fún ẹnì kankan títí wọ́n á fi fi ẹ̀gbọ́n jẹ olórí."