Aṣọ Tó Gan Mọ́ Sájẹ́ǹtì Lára

Oúnjẹ àárọ̀ kò tíì dà nínú Sájẹ́ǹtì Olúkòtún tí aṣọ ọlọ́pàá òde òní, tó máa ń gan mọ́ ọlọ́pàá tó bá fẹ́ fìyà jẹ aláìṣẹ̀, fi gan mọ́ ọn lára ní ìkóríta, ẹ̀ẹ̀kẹta lóṣù yìí nìyẹn. Ìyá arúgbó kan ló ní kó sọ òfin tó fi dá òun dúró. Ó nawọ́ sókè láti gbá ìyá létí, ni aṣọ bá le bí pátákó ìlẹ̀kùn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ ti dárí jì mí! Ohùn yín nìkan ló lè tú u. Tí ọ̀gá mi bá fi dé ní agogo mẹ́jọ tó bá mi báyìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn!"

Ìyá fi báàgì rẹ̀ kọ́ ọwọ́ tó wà lókè náà. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ni mo ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Ìyá ò ṣẹ̀ mí o! Àṣejù tèmi ni!"

"Ó dáa, mo dárí jì ọ́."

Aṣọ rọ̀ wọ̀ọ̀. Sájẹ́ǹtì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi," ni ìyá wí, ó ń gbọn eruku kúrò léjìká rẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún lèmi náà fi ṣe ọlọ́pàá. Ká ní aṣọ ìgbà tiwa máa ń gan báyìí ni, orí ìdúró ni ǹ bá ṣì wà títí dòní."